Abọ́ Tí Mùráínà Dá Padà fún Dottoressa

Mùráínà Adéríbigbé kò pa ènìyàn, kò jalè, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà rí láti ọdún méjìdínlógún tó ti wà ní Italy. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wù ú kí ó ṣe láyé rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá, ní Padova, níṣojú mi kòró. Inú ń bí mi títí di òní. Inú ń bí mi sí ẹni tó gba ọlá mọ́ ọn lọ́wọ́, inú ń bí mi sí òun alára, inú sì ń bí mi sí ara mi, nítorí ọwọ́ mi kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ẹni tó bá fẹ́ bá mi wí, kó bá mi wí.

Oyèrónkẹ́ lorúkọ mi. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Torino. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, ó sì ti di ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti dé ìlú yìí. Mo fi ọdún méje ju Mùráínà lọ, àbúrò ni mo sì fi í ṣe. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni èmi àti Yẹ́misí ìyàwó rẹ̀ ń lọ. Òun kì í wọlé, Mùsùlùmí ni. Á gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ Sunday, á jókòó sínú mọ́tò, á máa ka ìwé títí a ó fi ṣe tán. Àwọn ọmọ ìjọ a máa pè é ní Ààfáà Ẹnu-Ọ̀nà. Ẹ̀rín ló máa ń fi í rín.

Ìwó ni wọ́n bí i sí. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi mú un lọ sílé kéwú, wàláà lórí itan, pàṣán lẹ́yìn ọrùn. Nígbà tó fi máa di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òun ni ààfáà àgbà máa ń pè bí lẹ́tà kan bá ti ọ̀nà jíjìn dé tí ìkọ̀wé rẹ̀ kò hàn. Ó kàwé gboyè nínú èdè Lárúbáwá ní Ìlọrin, ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà wá sí Padova ní ọdún 2007, ó sì gba oyè kejì níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ti ọ̀mọ̀wé, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tán, Yẹ́misí lóyún, bí ìwé ṣe dúró nìyẹn. Wọ́n kó wá sí Collegno lẹ́bàá Torino níhìn-ín, nítorí pé magazzino kan, ilé ìkẹ́rùsí, wà níbẹ̀ tó ń wá ẹni tí yóò máa gbé páálí.

Ó gbé páálí fún ọdún mẹ́rìnlá. Murí ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí pé odindi orúkọ rẹ̀ ti rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó pè é dé ìparí. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ kò mọ̀ pé ẹni tí òun ń pariwo mọ́ yìí kàwé ju òun lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, Mùráínà kò sì sọ fún un rí. Nígbà tó yá, ìbàdí kò gbà mọ́. Dókítà ní kí ó wá iṣẹ́ ìjókòó, pé bí ó bá tún fi ọdún méjì gbé ẹrù, àfàìmọ̀ kó má lè bẹ̀rẹ̀ de okùn bàtà ara rẹ̀.

Ìgbà náà gan-an ni ìròyìn iṣẹ́ Padova dé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kàwé ló pè é pé ilé kan tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ pa mọ́ sí níbẹ̀ ní àpótí àpótí ìwé Lárúbáwá tí kò sẹ́ni tó lè kà á, wọn yóò sì ṣe concorso, ìdánwò ìgbanisíṣẹ́, láti gba ẹnì kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ìjókòó ni, iṣẹ́ títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n nínú concorso, kí o tó ṣí ẹnu rárá, wọ́n á kọ́kọ́ ka ìwé tí o ti tẹ̀ jáde, tí orúkọ rẹ wà lára rẹ̀, wọ́n á sì fún ọ ní máàkì lórí rẹ̀. Ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo máàkì ni. Mùráínà kò tẹ ìwé kankan jáde rí. Ó ní ọdún kan ààbọ̀ láti fi wá ọ̀kan, ojú ìwé kan péré tó ní orúkọ rẹ̀ ni ó ń wá. Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ibi tí Dottoressa Martina ti wọlé nìyí; dottoressa ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá kàwé gboyè níhìn-ín. Ọmọ rẹ̀ àti Ìfẹ́táyọ̀, ọmọ Mùráínà, wà ní kíláàsì kan náà, ìpàdé àwọn òbí ni wọ́n ti pàdé. Òpìtàn ni obìnrin náà. Ìdílé olówó kan ní Torino ló gbé iṣẹ́ fún un pé kó kọ ìwé lórí bàbá ńlá wọn tó jẹ́ consul, aṣojú ìjọba Italy, ní Aden ní nǹkan bí ọgọ́fà ọdún sẹ́yìn. Wọ́n gbé àpótí lẹ́tà kan lé e lọ́wọ́. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni lẹ́tà inú rẹ̀, èdè Lárúbáwá ni gbogbo wọn, ẹni tó sì kọ wọ́n kò fi àmì tó-tó tí a fi ń dá álífábẹ́ẹ̀tì mọ̀ sórí ọ̀rọ̀. Dottoressa gbọ́ Lárúbáwá inú ìwé ìròyìn. Eléyìí kọjá agbára rẹ̀. Ló bá bi Mùráínà bóyá ó lè bá òun wò ó fìrí.

Ó wò ó, ó sì kà á bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀.

N kò ní purọ́ mọ́ Martina. Kò sẹ́ni tó lè pè é ní ènìyàn burúkú. Òun ló bá Mùráínà lọ sí questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá, nígbà tí permesso, ìwé ìgbélùú rẹ̀, há. Òun ló fún Ìfẹ́táyọ̀ ní ẹ̀wù òtútù, ẹ̀wù tuntun, kì í ṣe àlòkù. “Carissimo” ló máa ń pe Mùráínà, àyànfẹ́ jùlọ nìyẹn. Ó ní kó máa pe òun ní Martina lásán. Mùráínà kò gbà, ó ní kò sí bí ahọ́n òun ṣe máa sọ ọ́. Dottoressa ló ń pè é títí, bẹ́ẹ̀ ó fi ọdún mẹ́wàá ju obìnrin náà lọ.

Ẹni tó ni lẹ́tà wọ̀nyẹn ni Ṣéù Nasir bin Awad, ọba kékeré kan ní etí Òkun Pupa, ní èbúté kan tí wọ́n ń pè ní Marsa Halib. Ìlú náà kò ju igba ilé lọ. Ohun tí ọkùnrin yìí ní kò ju kànga kan àti èbúté tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń yà sí. Àwọn Tọ́ọ̀kì wà lórí òkè lẹ́yìn rẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà ní Aden lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn ará Italy wà ní Massawa lódìkejì omi. Gbogbo wọn ń fẹ́ èbúté rẹ̀. Kò lọ́mọ ogun tó lè fi dá ẹyọ kan dúró nínú wọn, nítorí náà ó ń kọ lẹ́tà. Ó ń kọ ọ́ sí Tọ́ọ̀kì pé Gẹ̀ẹ́sì ń yọ òun lẹ́nu, ó ń kọ ọ́ sí consul Italy pé Tọ́ọ̀kì ń bọ̀. Ọgbọ́n tó fi pa ìlú rẹ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́jọ nìyẹn. Mùráínà fẹ́ràn rẹ̀. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi, ẹ ó rò pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni.

Lọ́dọọdún ni consul ń fi àpótí onígi kan ránṣẹ́ sí Ṣéù, pẹ̀lú aago tàbí aṣọ nínú rẹ̀, kí ọ̀rẹ́ má bàa tutù. Ṣéù a dá àpótí náà padà pẹ̀lú kọfí àti oyin. Consul wá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ sí Roma pé ìṣákọ́lẹ̀ ni. Gbogbo òpìtàn tó ti kan ọ̀rọ̀ yẹn ló ti gbà bẹ́ẹ̀, pé Ṣéù ń sìn wọ́n, pé ó ti gbà wọ́n lọ́gàá. Mùráínà kò gbà á, ṣùgbọ́n kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.

Inú ilé ìdáná mi ló ti rí i, lọ́sàn-án Saturday kan. Mo ti fi abọ́ ẹ̀fọ́ kan ránṣẹ́ sí wọn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ó gbé abọ́ náà wá, ọsàn mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Bí mo ṣe ń kó ọsàn sílẹ̀, ó dúró, ó ń wo ọwọ́ mi.

Ó ní, “Àǹtí, kí ló dé tí mo fi ọsàn sí i?”

Mo ní, “Ìbéèrè wo nìyẹn? Ta ló ń dá abọ́ padà lófìfo? Ṣé Yẹ́misí kò gba ẹ̀kọ́ ilé ni?”

“Ṣé ẹ ní kí n mú un wá ni? Ṣé ìṣákọ́lẹ̀ yín ni?”

“Mùráínà, orí ẹ dàrú.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó sì ṣàlàyé ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán yìí fún mi. Ṣéù kò sìn wọ́n. Abọ́ ló ń dá padà. Mùráínà wá padà lọ sídìí àwọn lẹ́tà náà, ó rí i nínú mẹ́rin nínú wọn pé Ṣéù alára ń sọ ọ́, tí kò sẹ́ni tó fiyè sí i. Ní ọdún tí ọ̀dá dá wọn, kò rí nǹkan fi sínú àpótí. Consul bínú pé ìṣákọ́lẹ̀ ọdún yẹn dà. Nígbà tí Italy àti Gẹ̀ẹ́sì sì jókòó ní Aden láti pín etí òkun, consul fi ìwé hàn pé ẹrú àwọn ni Ṣéù, pé ọdọọdún ló ń sanwó orí rẹ̀, nítorí náà àwọn lè fi í gba ohun mìíràn lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní pàṣípààrọ̀. Bí Marsa Halib ṣe lọ nìyẹn, láìyìn ìbọn kan. Lẹ́tà tó kẹ́yìn nínú àpótí kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ṣéù béèrè níbẹ̀ pé, “Ṣé oyin tí mo fi bọlá fún yín ni ẹ fi tà mí?”

Mùráínà ra quadernone kan, ìwé ńlá alábala púpọ̀ tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò. Oṣù mẹ́ta gbáko, bí ó bá ti ẹnu turno dé, ìyẹn àsìkò iṣẹ́ rẹ̀, á dùbúlẹ̀ díẹ̀ nítorí ìbàdí, á dìde, á jókòó tì í. Ó da gbogbo lẹ́tà mọ́kànlélọ́gọ́ta sí èdè Italian, ó sì kọ ọ̀rọ̀ àpótí náà sẹ́yìn, ojú ewé méjìdínlógójì. Mo máa ń bá a tún Italian rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìsìn, nínú mọ́tò rẹ̀. Ó dáa. Èmi tí n kò ju ọmọ oníwèé mẹ́wàá lọ, mo mọ̀ pé ó dáa.

Ọjọ́ Àjíǹde ọdún 2023, Dottoressa gbé lasagne ránṣẹ́ sí wọn nínú abọ́ amọ̀ ńlá kan. Ẹ̀yin náà ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó yẹ kí èmi náà ti rí i nígbà yẹn. Yẹ́misí fẹ́ fi ṣinṣín kún abọ́ náà kí ó fi dá a padà. Mùráínà ní kí ni ṣinṣín jẹ́ lójú oore tí obìnrin yẹn ti ṣe fún àwọn. Ó mú quadernone, ó fi nylon wé e, ó gbé e lé orí ṣinṣín.

Yẹ́misí ní, “Daddy Ìfẹ́, ẹ kọ orúkọ yín sí i o. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ kó bá yín tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ sọ ọ́ straight.”

Mùráínà ní obìnrin náà lọ́gbọ́n, yóò yé e. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ concorso létí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé, “Mo gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹnì kan ní Padova.” Ó fi í síbẹ̀. Nílé wa, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé níhìn-ín, bí o bá sọ ààbọ̀, ààbọ̀ náà ni wọ́n máa gbọ́.

Ó wá bi mí ohun tí òun máa kọ sí iwájú ìwé náà. Òun ti kọ ọ́ sórí bébà kan pé “letto e tradotto da Mùráínà Adéríbigbé”, ìyẹn ni pé òun ló kà á, òun ló túmọ̀ rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi àgbà, èmi tí mo ti pẹ́ nílùú, sọ. Mo ní kò bójú mu. Mo ní kí ló dé tó ń ṣe bí ẹni tó ń fi irin gbígbóná sàmì sára màlúù rẹ̀. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan bọlá fún ènìyàn kì í kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sí i lórí. Mo ti báírò sí i lọ́wọ́, mo sì pe ọ̀rọ̀ tó kọ fún un lẹ́yọ lẹ́yọ: “Alla gentilissima Dottoressa, in dono, con rispetto.” Sí Dottoressa oníwà pẹ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Orúkọ tó fi sábẹ́ rẹ̀ kò ju Murí lásán lọ. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ẹnu èmi ló ti jáde.

Ó wà ní turno lọ́jọ́ náà, nítorí náà èmi ni mo gbé abọ́ lọ. Dottoressa ṣí ìwé náà lẹ́nu ọ̀nà, omi lé sójú rẹ̀, ó dì mọ́ mi. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ Mùráínà ni láti òkè délẹ̀, pé iṣẹ́ kan sì ń bọ̀ ní Padova. Ó ní, “Che bello”, ó mà dára o. Mo rìn wálé, mo ń fi ẹsẹ̀ jó. Mo sọ fún Yẹ́misí pé mo ti bá wọn parí ẹ̀.

Oṣù kẹwàá ni ìwé Dottoressa jáde. Wọ́n pè wá síbi ìkójáde rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kan láàárín Torino. Dottoressa sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó sọ̀rọ̀ àpótí onígi, ó sọ̀rọ̀ abọ́ tí a kì í dá padà lófìfo, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ará Nàìjíríà wà níjòókòó tó ran òun lọ́wọ́, ó nawọ́ sí Mùráínà, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Mùráínà dìde díẹ̀, ó tẹrí ba.

Nílé, Ìfẹ́táyọ̀ jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé náà. Ó ka orí kẹrin rẹ̀ tán, ó wo bàbá rẹ̀.

“Papà, ma questo l'hai scritto tu.”

Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ nínú ilé. Bàbá, ìwọ mà lo kọ èyí. Ọmọ náà máa ń jókòó tì í bó ṣe ń kọ ọ́, ó mọ gbólóhùn sí gbólóhùn. Yẹ́misí gba ìwé, ó wá orúkọ ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Ojú ewé ọpẹ́ ló ti rí i, ìlà kan: “Murí, ọ̀rẹ́ iyebíye, tó bá mi wo àwọn lẹ́tà kan.” Kò sí Mùráínà. Kò sí Adéríbigbé.

Yẹ́misí kò pariwo. Ó ní, “So na so,” ó gbé ìwé náà lé orí fìríìjì, ó wọ yàrá lọ.

Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó rí Mùráínà mú lọ bá obìnrin náà. Báà kan nítòsí ilé rẹ̀ la jókòó sí. Mùráínà béèrè àlàáfíà ọmọ rẹ̀, ó béèrè àlàáfíà màmá rẹ̀, ó yin ìwé rẹ̀, kọfí tutù, kò débi ọ̀rọ̀. Èmi ni mo sọ ọ́. Mo ní iṣẹ́ rẹ̀ ni orí kẹrin, mo ní ó nílò orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀ nítorí Padova, ṣé wọ́n lè tún un tẹ̀.

Ojú Dottoressa pọ́n. Ó ní ọwọ́ àwọn tó tẹ ìwé ti kúrò níbẹ̀, wọn kò ní gbà láti tún un ṣe. Ó wo Mùráínà. Ó ní, “Ma me l'hai regalato.” Ìwọ lo fi ta mí lọ́rẹ. Kì í ṣe irọ́ ló pa. Ó ti mú quadernone náà wá, nítorí mo ti sọ lórí fóònù pé ọ̀rọ̀ ìwé ni. Ó ṣí i sí iwájú pátápátá, ó sì fi ìka lé ibi tí a ti kọ ọ́ pé in dono. Ó wá ń sunkún. Ó ní, “Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Ká ní o sọ ọ́ ni, ǹ bá ti fi orúkọ rẹ sí i. Ká ní o béèrè ni.” Mo sì gbà á gbọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ká ní ó jẹ́ olè ni, ǹ bá bú u, kí ara fi tù mí.

Ẹ mọ ohun tí Mùráínà sọ? Ó ní, “Mi scusi, Dottoressa.” Òun ló ń bẹ̀bẹ̀. Ọkùnrin tó fi ojú ewé méjìdínlógójì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe fi oyin Ṣéù tà á, ó jókòó níwájú mi, ó ń tọrọ àforíjì pé òun fi oyin sínú abọ́. Mo bú u láti ibẹ̀ dé ibùdókọ̀. Nígbà tí mo bú u tán, mo rántí ẹni tó pe ọ̀rọ̀ fún un láti kọ.

Dottoressa kọ ìwé ẹ̀rí fún un pé ó ran òun lọ́wọ́. Àwọn ará Padova kò fún ìwé ẹ̀rí ní máàkì.

Ó ṣe concorso náà síbẹ̀síbẹ̀. Yẹ́misí gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, òun náà ń kírun tirẹ̀. Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo bá a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Padova, nítorí ìdánwò ẹnu níhìn-ín, gbangba ni wọ́n ń ṣe é, ẹni tó bá fẹ́ lè wọlé jókòó. Wọ́n ti lẹ máàkì ìwé mọ́ ilẹ̀kùn. Adéríbigbé M., ìwé tó tẹ̀ jáde: òdo. Obìnrin kan láti Udine ní mẹ́jọ. A kà á, a wọlé.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì, ìwé Dottoressa sì wà lórí tábìlì náà níwájú ẹni àárín, ó ti lẹ bébà kéékèèké sínú rẹ̀. Wọ́n fún Mùráínà ní lẹ́tà àtijọ́ kan tí kò rí rí. Ó kà á láìdúró. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n fún un ní òmíràn tí omi ti bà jẹ́, ó kà á, ó sì sọ ìlú tí ẹni tó kọ ọ́ ti kọ́ kéwú. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo ní bóyá Ọlọ́run yóò fi ẹnu rẹ̀ dí àlàfo òdo yẹn.

Ẹni àárín gbé ìwé náà sókè. Ó ní àwọn òpìtàn ti gbà tipẹ́ pé ìṣákọ́lẹ̀ ni àwọn ọba kékeré etí òkun ń san fún consul, ṣùgbọ́n ọ̀nà tuntun kan ti yọ láìpẹ́ yìí láti ka ọ̀rọ̀ àpótí náà. Kí Mùráínà ṣàlàyé rẹ̀, kí ó sì sọ ẹni tó ni ín.

Ó ṣàlàyé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún lè ṣàlàyé rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá dé ibi orúkọ. Mo wà lẹ́yìn pátápátá, mo di ọwọ́ mi méjèèjì mú, mò ń sọ nínú mi pé, Mùráínà, wí. Mùráínà, lónìí nìkan, má ṣe ọmọlúàbí.

Ó dárúkọ Martina, orúkọ àti orúkọ ìdílé, ó sọ ọdún tí ìwé jáde, ó sì sọ ojú ewé tí orí kẹrin ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo di apá rẹ̀ mú. Mo ní, “Kí ló ṣe ọ́? Wọ́n bi ọ́, wọ́n fi ẹnu ara wọn bi ọ́ o.”

“Àǹtí, orúkọ tó wà lára ìwé ni wọ́n béèrè. Bí mo bá ní èmi ni, wọ́n á ní òpùrọ́ ni mí. Kí n wá lọ máa ṣàlàyé àwo lasagne fún wọn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni! Kí o ṣàlàyé ẹ̀!”

“Ohun tí mo ti fi tọrẹ ni, Àǹtí. Níṣojú yín.”

Níṣojú mi.

Ipò kejì ló ṣe. Máàkì mẹ́ta ni obìnrin Udine fi jù ú lọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo ìwé ìdánwò ẹnu náà, ibi tí wọ́n ti kọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan àti ohun tí wọ́n fún un. Wọ́n yọ díẹ̀ díẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀, àní nínú lẹ́tà tó kà láìdúró. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọn kò yọ ohunkóhun nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ti ní kí ó sọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ “ottimo” sí i, pé ó péye pátápátá.